Ogun Togo 1914 àti Ìràwọ̀ Tí Kò Dárúkọ Rẹ̀

Ọjọ́ kan péré ló wà láàárín ìjà Khra àti ìjà Mons. Ní ọjọ́ 22, oṣù kẹjọ, ọdún 1914, àwọn ṣọ́jà Gold Coast Regiment àti àwọn Tirailleurs Sénégalais tó wà lábẹ́ àṣẹ Faransé dé odò Khra, lójú ọ̀nà rélùwéè tó ti Lomé lọ sí Atakpamé. Àwọn ará Jámánì ti wó afárá ibẹ̀, wọ́n ti wa yàrà, wọ́n sì gbé ìbọn arọ̀jò-ọta dè wọ́n. Ibẹ̀ ni Lieutenant George Masterman Thompson kú sí, òun sì ni ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ tí ọ̀tá pa lójú ìjà nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Wahala, nílẹ̀ Togo níbí, ni wọ́n sin ín sí, òun àti àwọn Tirailleurs tó kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ni àwọn ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Yúróòpù kọ́kọ́ ja ìjà ńlá tiwọn, ní Mons, ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù. Nígbà tó wá di pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń pín àmì ẹ̀yẹ, àwọn ará Mons gba ìràwọ̀ tí wọ́n kọ 1914 sí láàárín, àwọn ará Khra sì gba èyí tí wọ́n kọ 1914-15 sí. Ìyàtọ̀ náà kéré lójú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tẹ̀ lé e dé ìdí rẹ̀ yóò rí ohun tí mo fẹ́ fi gbogbo àgbéyẹ̀wò yìí sọ, pé àmì ẹ̀yẹ ogun kì í sọ bí ogun ṣe tó. Bí ìjọba tó rọ ọ́ ṣe fẹ́ kí ogun náà tó lójú ìtàn ni ó ń sọ.

Kí ará Bè-Kpota tó ń ka èyí má rò pé ọ̀rọ̀ ìlú òkèèrè ni. Lomé tí ogun bá ní 1914 kéré púpọ̀. Àárín òkun àti ọ̀sà ni ó há sí, Bè sì jẹ́ abúlé tó dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìlú tó wá gbòòrò kọjá ọ̀sà lónìí, Bè-Kpota nínú rẹ̀, orí ilẹ̀ tó rí ìpààrọ̀ àsíá ni ó tàn dé. Àsíá Jámánì sọ̀ kalẹ̀ ní Lomé nínú oṣù kẹjọ 1914, ti Gẹ̀ẹ́sì gòkè dípò rẹ̀, ní 1920 ni Gẹ̀ẹ́sì sì fa ìlú náà lé Faransé lọ́wọ́. Láàárín ọdún mẹ́fà, ìjọba mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú owó tirẹ̀, òfin tirẹ̀ àti idẹ tí ó ń so mọ́ àyà ṣọ́jà. Von Doering, tó ń di ipò gómìnà mú fún Jámánì, kò jà fún Lomé rárá. Ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wọ rélùwéè, ó gba àríwá lọ, nítorí Kamina ni ohun tó níye lórí lójú tirẹ̀ wà. Ilé iṣẹ́ wáyálẹ́ẹ̀sì tí Telefunken kọ́ síbẹ̀, pẹ̀lú òpó gíga mẹ́sàn-án, ń bá Nauen lẹ́bàá Berlin sọ̀rọ̀ tààrà, ó sì ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọkọ̀ ojú omi Jámánì lórí Àtìláńtíìkì àti sí àwọn ilẹ̀ Jámánì yòókù ní Áfíríkà. Ẹ̀gbẹ́ Atakpamé ni Kamina wà, láàárín àwọn Ifẹ̀ tí àwọn mìíràn ń pè ní Ànà, àwọn tí èdè wọn jẹ́ ẹ̀ka kan náà pẹ̀lú èdè tí a fi kọ ìwé yìí. Captain Frederick Carkeet Bryant gúnlẹ̀ sí Lomé ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ pẹ̀lú ṣọ́jà tó lé díẹ̀ ní 550, aláàárù tó ju 2,000 lọ sì ń tẹ̀ lé wọn. Wọ́n jà ní Agbeluvhoe, wọ́n jà ní Khra. Ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25, Jámánì fi ọwọ́ ara rẹ̀ wó òpó Kamina lulẹ̀, wọ́n sì juwọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 26. Togo ni ilẹ̀ àkọ́kọ́ tí Jámánì pàdánù nínú gbogbo ogun náà. Nínú ogun yìí kan náà ni Alhaji Grunshi, ọmọ ogun Gold Coast Regiment, ti yin ìbọn tí a gbà pé òun ni àkọ́yìn ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì nínú Ogun Àgbáyé Kìíní.

Ìbọn àkọ́kọ́, ọ̀gágun àkọ́kọ́ tó kú, ilẹ̀ àkọ́kọ́ tó bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tá: bí ó bá jẹ́ bí ogun ṣe ṣẹlẹ̀ ni idẹ ń tẹ̀ lé, àwọn ọmọ ogun Togo ni ì bá gba ìràwọ̀ 1914 ṣáájú ẹnikẹ́ni. Òfin tó dá ìràwọ̀ náà sílẹ̀ ní oṣù kẹrin 1917 kò fi àyè sílẹ̀ fún èyí. Ó ní ẹni tó bá wà ní Faransé tàbí Bẹ́ljíọ̀mù láàárín ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ sí ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá 1914 nìkan ló tọ́ sí i. Ó di ìparí ọdún 1918, lẹ́yìn tí ogun ti kásẹ̀ nílẹ̀, kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìràwọ̀ 1914-15 fún àwọn yòókù. Idà méjì tó gbé ara wọn ní àgbélébùú, ewé tó yí wọn ká, adé lókè, rìbọ́ọ̀nù pupa, funfun àti aró: bákan náà ni àwọn ìràwọ̀ méjèèjì rí. Ọ̀já kékeré àárín nìkan ni ó yàtọ̀, àti ọ̀pá pẹlẹbẹ kan tí wọ́n tún fi kún ti ará Mons ní 1919, tí wọ́n kọ ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ sí 22 oṣù kọkànlá sí, láti fi hàn pé ẹni tó wọ̀ ọ́ dé ibi tí ọta ìbọn ọ̀tá ti ń fò. Ọta fò ní Khra náà. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ tí ọmọ Gold Coast gbà kò yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó dé ojú ogun ní ìparí 1915. Ogun tó bẹ̀rẹ̀ tó sì parí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta di ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà kan láàárín oṣù mẹ́tàdínlógún.

Àmì ẹ̀yẹ méjì tó tẹ̀ lé ìràwọ̀ náà ló wá mú kí Togo pòórá pátápátá. British War Medal, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1919, jẹ́ fàdákà. William McMillan ló ya ẹ̀yìn rẹ̀: ọkùnrin kan ní ìhòòhò lórí ẹṣin, tí ẹṣin náà ń fi pátákò tẹ asà tí ẹyẹ idì Jámánì wà lára rẹ̀, pẹ̀lú agbárí òkú àti egungun nílẹ̀. McMillan yìí náà ló ya ti Gẹ̀ẹ́sì nínú Victory Medal, èyí tí ọ̀gágun Foch ti Faransé dámọ̀ràn pé kí gbogbo orílẹ̀-èdè tó jọ ṣẹ́gun ṣe ní oríṣi kan náà. Ó jẹ́ idẹ, pẹ̀lú obìnrin abìyẹ́ níwájú, rìbọ́ọ̀nù rẹ̀ sì ní àwọ̀ òṣùmàrè méjì tó kojú ara wọn. Lẹ́yìn rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ pé Ogun Ńlá fún Ọ̀làjú ni, 1914 sí 1919; Faransé, tí Pierre-Alexandre Morlon ya tirẹ̀, kọ ohun kan náà ṣùgbọ́n ó dá a dúró sí 1918. Iṣẹ́ ọnà tó dára ni méjèèjì, mi ò sì ní fi ìyẹn du McMillan. Àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sí i. Ẹni tó gbé ẹrù ọta láti Lomé dé Khra lè má tíì gbọ́ orúkọ Bẹ́ljíọ̀mù rí, ọ̀làjú tí wọ́n sì ní ogun náà dá ààbò bò ni ọ̀làjú tó kọ ọ́ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí aláàárù. Ní ìbẹ̀rẹ̀, èrò wà pé wọn yóò fi ọ̀pá orúkọ ogun kọ̀ọ̀kan sórí rìbọ́ọ̀nù British War Medal. Àwọn ológun orí ilẹ̀ nìkan kó orúkọ 79 jọ. Owó rẹ̀ pọ̀ jù, ní 1923 wọ́n sì jáwọ́ nínú rẹ̀. Báyìí ni kò ṣe sí orúkọ ìjà kankan lórí idẹ tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà.

Ẹnìkan lè sọ pé àsọdùn ni èmi ń sọ: ogun ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí àwọn tó jà nínú rẹ̀ kò ju ìwọ̀nba lọ, kí ni ó fẹ́ fi àmì tirẹ̀ ṣe? Ìdáhùn rẹ̀ wà ní Kumasi, kò jìnnà. Ní ìparí 1895 wọ ìbẹ̀rẹ̀ 1896, Gẹ̀ẹ́sì kó ogun lọ bá Asantehene Prempeh. Kò sí ìjà kankan. Wọ́n wọ ìlú, wọ́n mú ọba, wọ́n sì padà. Síbẹ̀ wọ́n rọ ìràwọ̀ kan fún ìrìn àjò náà, wọ́n kọ Ashanti 1896 sí i. Ibà ló pa Prince Henry ti Battenberg nínú ìrìn àjò yẹn, ìtàn sì sọ pé ìyàwó rẹ̀, Princess Beatrice, ọmọ Ọbabìnrin Victoria, ló ya ìràwọ̀ náà. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, nígbà tí Yaa Asantewaa gbé ogun dìde, àmì mìíràn tún jáde: kìnnìún lórí àpáta tó kọjú sí oòrùn, asà àti ọ̀kọ̀ nílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pá tí wọ́n kọ Kumassi sí fún àwọn tí ogun ká mọ́ inú odi àti àwọn tó lọ gbà wọ́n. Fàdákà ni fún ajagun, idẹ fún aláàárù. Nítorí náà, kì í ṣe bí ogun ṣe kéré ló mú kí ó pàdánù orúkọ. Ogun tí a kò jà rárá ti gba ìràwọ̀ rí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Ashanti jẹ́ ogun tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ kí wọ́n máa rántí ní orúkọ ẹni tí a ṣẹ́gun. Togo kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀tá tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ará Togo.

Mo mọ̀ pé níbí ni òǹkàwé Yorùbá yóò ti dá mi dúró. Ó lè ní: bí ogun tí wọ́n gbé ko àwa ni wọ́n máa ń dárúkọ, Ìjẹ̀bú ńkọ́? Ìbéèrè tó dára ni, ó sì fi agbára mú mi láti sọ ọ̀rọ̀ mi dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ogun Ìmàgbọn ní oṣù karùn-ún 1892, àwọn tó bá Gẹ̀ẹ́sì jagun náà gba East and West Africa Medal, tí Sir Edward Poynter ya ẹ̀yìn rẹ̀: ìjà láàárín igbó, oyìnbó àti adúláwọ̀ nínú igi àti ewé. Àwòrán ogun Ashanti ti 1874 ni. Wọ́n kàn tún un lò fún gbogbo Áfíríkà, bí ẹni pé igbó kan ṣoṣo ni gbogbo ogun wa. Ọ̀pá tí wọ́n fi sí i fún Ìjẹ̀bú kò dárúkọ Ìjẹ̀bú. 1892 nìkan ni wọ́n kọ sí i, ọ̀pá kan náà yìí sì ni wọ́n fún àwọn tó jà ní Gambia lọ́dún yẹn. Ogun tó ṣí ọ̀nà ilẹ̀ Yorùbá sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì, tí ọmọ Ìjẹ̀bú kò gbàgbé títí di òní, wá di nọ́ńbà mẹ́rin lórí fàdákà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, wọ́n yí i padà sí òdìkejì. Ní oṣù kẹfà àti oṣù keje 1918, àwọn Ẹ̀gbá dìde nítorí owó orí àti iṣẹ́ tipátipá, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì ti gba òmìnira lọ́wọ́ Abẹ́òkúta. Wọ́n hú irin rélùwéè, wọ́n pa Ọ̀ṣilẹ̀, ọba Òkè-Ọnà. Ìjọba sì kó àwọn ṣọ́jà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ogun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà dé lọ bá wọn. Ogun Àdùbí ni a ń pè é nílé. Lórí Africa General Service Medal, ọ̀pá tó wà fún un kà báyìí: Nigeria 1918. Ẹ̀gbá ló jà, gbogbo Nàìjíríà ni wọ́n kọ sílẹ̀.

Nítorí náà, kì í ṣe pé idẹ máa ń dárúkọ wa tàbí pé kì í dárúkọ wa. Kì í dá ogun dúró ní ìwọ̀n tí àwọn tó jà á mọ̀ ọ́n sí, ìyẹn ló wà nínú gbogbo rẹ̀. Ìjẹ̀bú súnkì di ọdún kan. Ẹ̀gbá fẹ̀ títí ó fi di odindi ìlú tí Lugard so pọ̀ ní ọdún mẹ́rin ṣáájú. Togo fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó wọnú Ogun Ńlá fún Ọ̀làjú, kò sì jáde mọ́. Ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù, àwọn baba wa ń wí. Ẹni tó ni idẹ ló ni orúkọ tí yóò wà lórí rẹ̀.

Àtakò tó lágbára jù lọ kù. Àwọn kan gbà pé àmì tí gbogbo ènìyàn jọ gbà lọ́lá ju àmì àdáni lọ: òṣùmàrè kan náà ló wà ní àyà ọmọ Dagomba tó wà ní Khra àti ní àyà ọmọ ìjòyè Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Ypres, orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni wọ́n sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ sí etí idẹ náà, pẹ̀lú nọ́ńbà, ipò àti ẹgbẹ́ ogun rẹ̀. Òótọ́ ni, n kò sì ní fojú kéré rẹ̀. Ìjọba tí kò kọ orúkọ àgbẹ̀ sílẹ̀ àfi fún owó orí wá kọ orúkọ rẹ̀ sórí fàdákà, fún ọlá. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò tilẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ tirẹ̀ nínú ogun kejì, nítorí láìsí orúkọ ni wọ́n pín àwọn ìràwọ̀ 1939 sí 1945 fún wọn láti fi dín owó kù. Ṣùgbọ́n ẹ wo orúkọ tí wọ́n tẹ̀. Grunshi kì í ṣe orúkọ bàbá Alhaji. Orúkọ tí àwọn ará gúúsù ń pe àwọn ènìyàn apá àríwá Gold Coast ni. Akọ̀wé tó ń gba ènìyàn sí iṣẹ́ ṣọ́jà máa ń bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti wá, ó sì máa ń fi ìlú tàbí ẹ̀yà wọn ṣe orúkọ ìdílé fún wọn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń jẹ́ Ìbàdàn, Ìlọrin àti Kano ṣe pọ̀ nínú ìwé ẹgbẹ́ ọmọ ogun Nàìjíríà. Ọmọ tó bá fẹ́ wá orúkọ bàbá bàbá rẹ̀ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ yóò bá ọgọ́rọ̀ọ̀rún Ìlọrin pàdé. Àní àmì akin pàápàá yàtọ̀. Nígbà tí ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì gba Distinguished Conduct Medal, ọ̀rọ̀ ìgboyà lójú ogun ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ti àwọn ọmọ ogun tiwa ní orúkọ West African Frontier Force tí wọ́n fi kún un, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì í mú. Bí òṣùmàrè bá sì jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, fàdákà kò rí bẹ́ẹ̀: British War Medal ní oríṣi kejì tó jẹ́ idẹ, fún àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ láti Ṣáínà, Íńdíà, Malta àti àwọn ibòmíràn, tó lé ní 100,000 ènìyàn.

Ó tọ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́ kejì òṣùwọ̀n. Orúkọ Kamina kò sọnù pátápátá nínú ìwé ológun Gẹ̀ẹ́sì. Gold Coast Regiment gbà á gẹ́gẹ́ bí ọlá ogun, ó sì wà lára àwọn orúkọ tí ẹgbẹ́ náà lè kọ sórí àsíá rẹ̀. Àsíá yìí ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yé mi dáadáa. Àsíá jẹ́ ti ẹgbẹ́ ogun, ilé rẹ̀ ni bárékè, ọ̀gágun oyìnbó ló sì ń pàṣẹ ibi tí yóò lọ. Àmì ẹ̀yẹ jẹ́ ti ẹnì kan, ó ń bá a lọ sílé, ó ń wà nínú àpótí ìyàwó rẹ̀ nígbà tó bá kú. Wọ́n kọ Kamina síbi tí yóò ti máa wà lábẹ́ àṣẹ wọn, wọn kò kọ ọ́ síbi tí ọmọ-ọmọ ti lè béèrè pé, kí ni Kamina?

Faransé mọ eré yìí ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, ara Lomé ló sì ti hàn jù. Lẹ́yìn tí ọ̀gágun Alfred Dodds wọ Abomey ní oṣù kọkànlá 1892, wọ́n rọ àmì ẹ̀yẹ Dahomey láàárín ọjọ́ mélòó kan, pẹ̀lú rìbọ́ọ̀nù òféèfèé tó ní ìlà àwọ̀ ewé mẹ́rin. Ní 1893 wọ́n dá Médaille coloniale sílẹ̀, tí Georges Lemaire ya, kí wọ́n lè máa fi ọ̀pá orúkọ sí i dípò kí wọ́n máa rọ idẹ tuntun fún ìjà kọ̀ọ̀kan. Àmì kan náà yìí wà títí di 1962, nígbà tí àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí ti gba òmìnira. Wọ́n kàn yí orúkọ rẹ̀ padà sí Médaille d'outre-mer, àmì òkè òkun, wọ́n sì ń bá a lọ. Ní Àlìjíríà, ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Togo ti jà fún Faransé láàárín 1954 sí 1962, orúkọ tí wọ́n fún àmì náà ni ti iṣẹ́ ààbò àti ìtọ́jú ètò ìlú. Kò sí ọ̀rọ̀ ogun nínú rẹ̀. Ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá 1999 ni ilé aṣòfin Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òfin gbà pé ogun ni wọ́n jà. Àwọn tó wọ àmì yìí padà dé Lomé kò ka ohun tí wọ́n ṣe sí ìtọ́jú ètò ìlú. Ológun ni wọ́n ka ara wọn sí, wọ́n sì béèrè pé kí ìjọba Sylvanus Olympio gbà wọ́n sínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun kékeré tí Togo ní. Ó kọ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní 1963 wọ́n pa á, Emmanuel Bodjollé ló sì ṣáájú wọn, tí Étienne Eyadéma wà pẹ̀lú wọn. N kò sọ pé idẹ ló pa Olympio. Ohun tí mo sọ ni pé ìwọ̀n tí Faransé fún ogun àwọn ọkùnrin wọ̀nyí, ìwọ̀n tí wọ́n fún ara wọn, àti ìwọ̀n tí Olympio fún wọn, tí ó rí wọn gẹ́gẹ́ bí ọmọ-ọ̀dọ̀ Faransé tó ń wá iṣẹ́, kò dọ́gba rárá, kò sì sí ẹni tó jókòó láti wọ̀n wọ́n papọ̀.

Àwọn kan ti ń dá a lábàá níbi gbogbo ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pé kí a rọ àmì tuntun fún àwọn ogun tí àwọn baba wa jà lábẹ́ àsíá ẹlòmíràn. Èmi kò gbà. Bí Togo bá rọ àmì kan fún 1914, ta ni yóò fún? Àwọn ọmọ ogun Gold Coast tó wọ ìlú ni, tàbí àwọn ọlọ́pàá ọmọ Togo tó jà fún Jámánì ní Khra, tí àwọn náà jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí? Bí a bá fún ẹgbẹ́ kan, a ti tún ṣe ohun tí McMillan ṣe, a ti yan ìwọ̀n fún wọn. Iṣẹ́ tó wà níwájú rọrùn jù bẹ́ẹ̀, ó sì ṣòro jù: kí ilé ìwé tó wà lójú ọ̀nà Khra, Wahala àti Atakpamé máa kọ́ ọmọ ní ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ilé wọn ní ọjọ́ 22 oṣù kẹjọ 1914, kí wọ́n sì máa dárúkọ aláàárù pọ̀ mọ́ ṣọ́jà. Aláàárù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́rin sí ṣọ́jà kan ní ọjọ́ tí Bryant gúnlẹ̀. Kò sí rìbọ́ọ̀nù kankan tí ẹnikẹ́ni hun tó gbé nọ́ńbà yẹn.